Fádèyí Adẹ́mu àti Ìwọ̀n Tó Kọ̀ Tí Kò Sún

Ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Massè ni Fádèyí ń gbé, iṣẹ́ ẹmu dídá ni ó sì fi dàgbà. Bàbá rẹ̀ dá ẹmu, òun náà ń dá a. Ọ̀pẹ tó bá ti ga ju agbára àwọn yòókù lọ, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe Fádèyí wá. Kò ṣubú lórí ọ̀pẹ rí. Orí alùpùpù ló ti ṣubú, lójú ọ̀nà Oko-Akarè, lọ́jọ́ tí òjò mú kí ilẹ̀ pupa máa yọ̀. Itan rẹ̀ dá. Ó jókòó sílé títí àgbàdo ọdún yẹn fi gbó, tí wọ́n sì tún gbin òmíràn.

Kí ni ẹni tó jókòó sílé ń ṣe bí kò ṣe kó máa jẹun? Àánú ọkọ ń ṣe Oyèfúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ó sì ń ro òkà fún un bí ẹni pé ó ṣì ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn ẹbí kì í wá kí i lọ́wọ́ òfo. Eléyìí gbé àkàrà, tọ̀hún gbé iṣu díndín. Nígbà tí egungun fi máa jinná, ikùn Fádèyí ti ń ṣíwájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Ó mú igbà, okùn tí adẹ́mu fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ó lọ sídìí ọ̀pẹ kan tí kò ga. Okùn náà kò yí i ká mọ́. Ó so òmíràn mọ́ ọn, ó gun ọ̀pẹ náà díẹ̀, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó bá sọ̀ kalẹ̀. Akínbáyọ̀ àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Akínbáyọ̀ ló ń gun ọ̀pẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fádèyí a jókòó nísàlẹ̀, a máa gba agbè, a máa tọ́ ẹmu wò.

Oyèfúnkẹ́ ló ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní Adja-Ouèrè. Rosine ni orúkọ nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n. Ó gbé Fádèyí sórí ìwọ̀n, ó lé ní ọgọ́rùn-ún kílò, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kúkúrú ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru.

“Bàbá, ẹ óò dín oúnjẹ kù,” Rosine wí. “Mi ò ní kẹ́ ẹ febi pa ara yín o. Òkà yín kò gbọ́dọ̀ ju ìkúùkù kan lọ. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú àwo, kí ẹja wà níbẹ̀. Ohun díndín, ẹ fi í sílẹ̀. Ògì, ẹ má fi ṣúgà sí i.”

Fádèyí ṣe é. Ẹni tó ti fi ìfaradà gun ọ̀pẹ láti kékeré, ebi kò lè tètè borí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní abúlé, bí ènìyàn bá ń fọn, ẹnu àwọn ènìyàn kì í dákẹ́. Wọ́n ń bi í bóyá ara rẹ̀ le. Àwọn kan ní Oyèfúnkẹ́ ni kò fún un ní oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin náà, ṣùgbọ́n lóṣooṣù ní ilé ìwòsàn, ó ń wo ìwọ̀n, ó ń rí i pé ó ń lọ sílẹ̀.

Nígbà tí ìwọ̀n náà kan àádọ́rùn-ún kílò, ó dúró. Oṣù kan kọjá, ibẹ̀ náà ló wà. Oṣù kejì kọjá, kò kúrò níbẹ̀. Oúnjẹ kò yí padà, ebi kò dín kù, ara kò sì fọn mọ́. Fádèyí ní ìwọ̀n ilé ìwòsàn ló bàjẹ́. Ó gun alùpùpù lọ sí Tatonnonkon, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ra àgbàdo, tó ní ìwọ̀n ńlá tí wọ́n ń gbé àpò lé.

“Àgbàdo yín dà?” ọkùnrin náà bi í.

“Èmi fúnra mi ni,” Fádèyí wí, ó sì gun orí ìwọ̀n.

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Àádọ́rùn-ún kílò ni ìwọ̀n àgbàdo náà sọ.

Inú bí i débi pé ó pinnu láti fìyà jẹ ara náà. Ife ògì kan láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún fi nǹkan sẹ́nu. Bí Oyèfúnkẹ́ bá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, a jágbe mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kékeré ń di ìjà nínú ilé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń rìn láàárín ebè gbágùúdá, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ṣubú. Nígbà tó lajú, Oyèfúnkẹ́ ń da omi sí i lórí. Ó pe ọlọ́kadà, ó gbé ọkọ rẹ̀ sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó di Adja-Ouèrè.

Rosine gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. “Bàbá,” ó wí, “nígbà tí ẹ wúwo, ẹrù ńlá lẹ ń gbé kiri, gbígbé ẹrù sì ń jẹ agbára. Ẹ ti sọ díẹ̀ kalẹ̀ nínú ẹrù náà. Oúnjẹ tó ń mú yín fọn nígbà yẹn, òun ló wá tó yín gẹ́lẹ́ báyìí. Ẹ tún wá fi ebi kún un, ó rẹ̀ yín, ẹ kì í rìn mọ́. Ara tí kò rí oúnjẹ, ńṣe ló máa ń ṣọ́ ìwọ̀nba agbára tó ní ná.” Ó wá béèrè: “Yàtọ̀ sí oúnjẹ, kí lẹ tún ń fi sẹ́nu?”

“Omi.”

Oyèfúnkẹ́ húkọ́. “Màdáámù, ẹ bi í léèrè ẹmu.”

“Èmi kì í mu ẹmu mọ́,” Fádèyí wí. “Mo ń tọ́ ọ wò ni.”

“Ti agbè mélòó?”

“Gbogbo wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.”

“Bí a bá da gbogbo ìtọ́wò ọjọ́ kan pọ̀, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó?”

Fádèyí fi ìka ṣírò rẹ̀. “Yóò kún agbè kan,” ó wí.

“Yóò kún un, yóò sì kù sílẹ̀,” Oyèfúnkẹ́ dáhùn.

Rosine ní kó máa tọ́ ọ wò kó sì máa tu ú dànù. Fádèyí mi orí. Ògún ni ìdílé wọn ń bọ, òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta ẹmu sílẹ̀ fún. Kò lè máa tu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí itọ́. Kí wọ́n tó délé, ó ti mọ ohun tó kù fún un láti ṣe, ó sì dùn ún ju ebi lọ. Ahọ́n rẹ̀ ni àwọn oníbàárà fọkàn tán.

“Láti ọ̀la, ìwọ ni o óò máa tọ́ ọ wò,” ó wí fún Akínbáyọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ahọ́n mi ò tó tiyín.”

“Yóò tó. Èmi náà kọ́ ọ ni.”

Kò kọ́kọ́ tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Akínbáyọ̀ ta agbè kan tí ẹmu inú rẹ̀ ti kan jù, obìnrin tó rà á, Títílayọ̀, sì gbé e padà wá pẹ̀lú ariwo. Fádèyí na ọwọ́ sí igbá. Oyèfúnkẹ́ kàn wò ó. Ó fa ọwọ́ padà, ó bi àbúrò rẹ̀ bí ìfófòó ẹmu náà ṣe rí, àti bí ó ṣe ń rùn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti fi imú àti ojú mọ ẹmu kó tó gbé e sẹ́nu.

Oúnjẹ ọ̀sán padà sílé: ẹ̀wà, ẹja, ẹyin nígbà mìíràn. Fádèyí kò jókòó dúró de agbè mọ́. Ó ń rìn láti ìdí ọ̀pẹ kan dé òmíràn pẹ̀lú ọ̀pá, nítorí itan rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ìwọ̀n ti sún. Ó tún dúró lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n Fádèyí kò lọ sí Tatonnonkon lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń rìn, ó ń jẹ ìwọ̀nba tirẹ̀. Nígbà tó yá, ìwọ̀n náà tún lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Lónìí, ó ti ń gun àwọn ọ̀pẹ kúkúrú. Akínbáyọ̀ ló ni àwọn tó ga, wọn kò sì bára wọn jiyàn lórí rẹ̀. Rosine ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kó tún fọn sí i. Oyèfúnkẹ́ náà ti fúyẹ́, orúnkún kò sì dùn ún mọ́ bó bá ń ti oko bọ̀. Bí àwọn obìnrin bá bi í bóyá òun náà ń ṣe bíi ti ọkọ rẹ̀, a ní rárá o, ohun tó bá wà nínú ìkòkò lòun ń jẹ.