Ààwẹ̀ tí Bàbá Mi Kó Bọ̀ láti Gbági

Ara mi kò lélẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti Ọjà'ba bí ẹni tó sọ nǹkan nù, n kò sì ra ohunkóhun. Ọlọ́kadà kan tó ti rí mi lẹ́ẹ̀mejì tiẹ̀ dúró tì mí, ó ní, "Mọ̀mí, ibo gan-an lẹ̀ ń lọ?" Mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ká ní mo mọ ibi tí mò ń lọ ni, n bá ti débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ló fà á. Ní agbo ilé wa ní Pópó Yemọja, àwọn obìnrin máa ń gba ààwẹ̀ kan lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ààwẹ̀ Mápó là ń pè é. Kì í ṣe ti Ràmàdáánì, kì í ṣe ti Arafa, kò sì sí ilé mìíràn tó ń gbà á. Ìyá mi nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ẹsẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ náà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àṣẹ á bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò jí àwọn èèyàn fún sààrì, ta ni yóò dín àkàrà ìṣínu, ta ló ta epo sí i jù lọ́dún tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ jẹ ààwẹ̀ náà. Ó ní òun ń tọ́jú láádá tí òun máa kó lọ bá Ọlọ́run.

Lọ́dún yìí ni áfáà tuntun dé sí mọ́ṣáláṣí ràtíbì wa. Ọmọlúwàbí ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó kàwé dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ó sì gba ohun tó kọ́ gbọ́ tọkàntọkàn. Ó wàásù ní ọjọ́ Jímọ̀ kan pé ààwẹ̀ tí kò bá ti ní orísun nínú sùnnà Ànábì, àdádáálẹ̀ ni, kò ní láádá, ó sì lè di ẹ̀ṣẹ̀. Kò dárúkọ ilé wa, ṣùgbọ́n gbogbo ọrùn ló yí sọ́dọ̀ wa. Bí Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, ṣe délé ló ní kí gbogbo wa pàdé nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ní àṣálẹ́ Ọjọ́rú, kí áfáà náà wá. Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ ibi tí ààwẹ̀ náà ti wá, òun máa fòpin sí i.

Èmi sì mọ ibi tó ti wá. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, kò sì sí ibi tí mo lè jókòó sí kí ìdí gbà mí.

Akọ̀wé ni bàbá mi láyé àwọn òyìnbó, ní ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ ní Gbági àtijọ́. Bí wọ́n bá tú ẹrù aṣọ, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi ń dì í. Àwọn yòókù ń jù ú nù, bàbá mi ń tẹ́ ẹ, ó ń kà á. Ibẹ̀ ló ti kà á pé àwọn ará ìlú ọ̀gá òun ń jókòó sílẹ̀, wọn kò jẹun, wọn kò sì na ẹnikẹ́ni, títí ojú fi ń ti àwọn tó ń jọba lé wọn lórí. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ rí i pé ó ń kàwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá a ní tirẹ̀. Ó ka ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlú òyìnbó tí wọ́n jọ kọṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó ka ti àwọn aláwọ̀ dúdú òkè òkun tó ń sọ pé ìbẹ̀rù inú ni ẹrú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé jáde. Ó gé e, ó rán an pọ̀, ó sì bá a mu. Nígbà tó fi máa bọ́ sórí àga ní Ọjà'ba láti sọ̀rọ̀ òmìnira, àwọn èèyàn rò pé inú ọmú ìyá rẹ̀ ló ti mu ún. Bó ṣe di aṣáájú àwọn tó ń jà fún òmìnira ní apá ibí nìyẹn.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ti díẹ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́lé, ó sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n lọ jókòó síwájú gbọ̀ngàn Mápó, kí wọ́n má jẹun títí wọ́n á fi dá àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀. Wọ́n bi í pé irú kí nìyẹn. Ó ní ààwẹ̀ ni. Ó parí! Àwọn ìyá wa mọ ààwẹ̀. Wọ́n dá àníyàn, wọ́n jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n gun òkè Mápó pẹ̀lú tèsùbáà lọ́wọ́. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n ṣínu. Ọ̀gá òyìnbó tí ẹ̀rù ti ń bà pé àwọn obìnrin fẹ́ kú sí òun lọ́rùn jáde lálẹ́, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀kọ mọ́ àkàrà. Bàbá mi kò lè sọ ìtàn yìí kó má rẹ́rìn-ín dé orí omijé. Àwọn ará Íńdíà kò ṣe é báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n dá àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀. Àwọn obìnrin ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà, wọ́n sì sọ ọ́ di ọdọọdún.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo wà nígbà tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò là á yé wọn. Ó ní, "Bí mo bá ní inú ìwé ìròyìn òyìnbó ni mo ti rí i, ta ni ì bá tẹ̀ lé mi?"

Ní Ọjọ́rú, ọ̀ọ̀dẹ̀ kún. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, ó nasẹ̀. Áfáà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀sìn ò gbà ká máa dá nǹkan sílẹ̀ fúnra wa ni."

"Ọkọ mi ló gbé e kalẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ọkọ mi ò jẹ́ purọ́ mọ́ Ọlọ́run."

Bí mo bá panu mọ́, ìyá mi yóò wọ inú sàréè pẹ̀lú èrò pé ẹ̀ṣẹ̀ lòun ń dá láti ìgbà èwe. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, mo máa tú àṣírí bàbá mi. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, títí kan ẹni tó ti kú. Mo dìde, mo ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Òṣèlú ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ni Bàbá ti kọ́ ọ."

"Àwọn kèfèrí?" Mọ́gàjí fò sókè. "Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé bàbá wa lọ yá ọgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ?"

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin náà, ṣé abẹ́ ibùsùn yín lẹ ti rí ABD?" Wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ tán láti orí ìwé ìròyìn dé orí àkàrà.

Áfáà gbọ́ ọ parí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe ìjọsìn, a jẹ́ pé kì í ṣe àdádáálẹ̀. Kí ẹni tó bá wù máa gbà á fún ìrántí, kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Kò kàn lè ní láádá ààwẹ̀ ni. Inú gbogbo èèyàn dùn, Mọ́gàjí ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé òun wọlé.

Mi ò sùn dáadáa. Ọjọ́ kejì ni ààwẹ̀ náà bọ́ sí, mo sì ti kúrò nílé tèmi dé agbo ilé kí oòrùn tó ga. Mo bá ìyá mi ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo èèyàn tó ń kọjá ti lè rí i, ó ń fi àkàrà mu ògì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù láádá yín."

"Ta ló ń sọ ti láádá?" Ó jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Ọlọ́run kì í ṣe ahun. Ìgbà wo ni bàbá rẹ sọ ọ́ fún ọ?"

"Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, mà."

"Ìwọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí oòrùn ń pa wá níwájú Mápó. Èmi ni mo jókòó. Inú yàrá kan náà la jọ ń sùn títí tó fi kú." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ó rò pé bí òun ò bá fi Ọlọ́run dì í, mi ò ní lè rù ú."

Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ, ó fa ọwọ́ mi padà.

"Jókòó. Lọ́jọ́ kejì tá a lò lórí òkè yẹn, mo bi bàbá rẹ léèrè. Mo ní, bí òyìnbó tá à ń tìtorí rẹ̀ febi panú ò bá nítìjú ńkọ́? Bó bá ń wò wá, tó ń jẹun tiẹ̀ ńkọ́? Ó ní kí n máa ja tèsùbáà mi. Kí ni ìwé àwọn ará Íńdíà yẹn sọ sí i?"

Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo wá gbogbo ohun tí bàbá mi bá mi sọ, mi ò rí i níbẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà. Bàbá ò sọ ìyẹn fún mi."

"Òun náà ò mọ̀ ọ́n," ni ìyá mi wí. "Ká ní ó sọ ọ́ fún mi ni, à bá jọ rò ó."