Nígbà Tí Mo Ní Kí Ó Bá Mi Ká Aṣọ

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ mi títí àìsàn fi dé, mi ò sá ìró mi sí ibi tí ọkọ mi máa gbà kọjá rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ọkùnrin kì í gba abẹ́ ìró obìnrin tó wà lórí okùn kọjá, ìró náà ì báà gbẹ, ì báà tutù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìntì, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀n, kò sí oko tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ láti Upenmen dé Afo. Òun ló ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Mo bi í nígbà kan pé ibo ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìró sí nínú Bíbélì. Ó ní wọn kò kọ ọ́ síbì kankan, ṣùgbọ́n òun kò ní kọjá.

Ilé wa wà ní Ọ̀wọ̀, lójú ọ̀nà Ipele, ìlú àwọn òbí mi. Èmi pè é ní ulé, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kọ ilé. Ó ní kí àwọn ará ibòmíràn lè kà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí èèyàn bá jáde láti ilé ìdáná wa, okùn aṣọ ló máa kọ́kọ́ rí. Ó nà láti ara igi máńgòrò dé ara ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbà. Aṣọ ọkọ mi àti tàwọn ọmọ ni mo máa ń sá síbẹ̀. Okùn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ìyẹn ni ti ìró mi.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá, àìsàn mú apá ọ̀tún ara rẹ̀. Ó jí láàárọ̀, ó fẹ́ di bọ́tìnnì ẹ̀wù, ọwọ́ kò gbọ́. A gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí a fi máa padà wálé, ọ̀rọ̀ ti já gaara lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ti ń gbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, ó ku ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn níbẹ̀ fún un ní ọ̀pá, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Màmá, ẹsẹ̀ Bàbá máa rìn. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa jókòó. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, nínú àgbàlá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn.”

Àkọ́bí wa ọkùnrin ń gbé ní Àkúrẹ́. Ó wá kí wa, ó bá mi nídìí báàsìn, mò ń fọ bẹ́díṣíìtì, nítorí bàbá rẹ̀ kì í lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásìkò. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo báàsìn.

“Ìyá mi, ẹ ti dàgbà ju èyí lọ,” ló wí. “Tó bá fi máa di Kérésì tí Bàbá kò tíì lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mò ń bọ̀ wá kó ẹ̀yin méjèèjì lọ sọ́dọ̀ mi. A ó ti ilé yìí pa.”

Ọmọ dáadáa ni, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé rẹ̀. Òkè ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga. Inú ilé ni wọ́n ti ń sá aṣọ, lórí irin kan tí wọ́n máa ń pa dé tí wọ́n bá ṣe tán. Aṣọ náà á gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í ṣe òórùn aṣọ tó rí oòrùn. Mo mọ̀ pé tí ọkọ mi bá fi lè gun àtẹ̀gùn yẹn, kò ní sọ̀ mọ́, a ò sì ní rí ilé wa mọ́.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ kó máa rìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní ìró mi wà lórí okùn. Òótọ́ ni. Bẹ́díṣíìtì ojoojúmọ́ ti gba gbogbo àyè lórí okùn méjèèjì, mo ti fún ìró àti tòbí mọ́ àárín wọn. Mo kó o, mo lọ sá a síwájú ilé, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí Ipele ti ń rí tòbí mi. Nígbà tó yá, ó ní oòrùn mú. Nígbà tí oòrùn kò mú, ó ní ilẹ̀ ń yọ̀. Ilẹ̀ gbẹ tán, ó ní kí n lọ wo okùn dáadáa, òun tún rí tòbí kan níbẹ̀. Àpò ìrẹsì ni. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìró ló ń sá fún. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, èmi àti ọmọ ọmọ wa la jọ gbé e dìde, kò sì kúrò lórí ibùsùn mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Ẹ̀rù ilẹ̀ ló ń bà á.

Òjò kò tíì dáwọ́ dúró lásìkò náà. Mo fọ aṣọ púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ mi jókòó sẹ́yìn ilé lórí àga rọ́bà.

“Bàbá wa, ẹ ó bá mi ká aṣọ lónìí o. Ọwọ́ ń dùn mí.”

“Ṣé aṣọ náà nìyẹn? N ó ká a.” Ó tilẹ̀ pe ọmọ ọmọ wa. “O gbọ́? Mo ti di alágbàfọ̀ ìyá rẹ àgbà.”

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Yíyọ aṣọ kúrò lórí okùn, ká ni. Pípa á pọ̀ lórí itan, ká náà ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, òjò ṣú láti apá Ipele, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Bàbá wa, òjò ń bọ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ ká aṣọ.”

“Ká kí ni? Kó wọn wá síbí, kí n ká wọn.”

“Ẹ ní ẹ ó ká aṣọ.”

“Lórí itan mi ni mo ní n ó ti ká a.”

“Lórí okùn ni èmi sọ.”

Ọmọ tó ń kọ̀wé yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rẹ̀ àgbà yíjú sí i. “Ìwọ tí ò ń lọ sí Pólì, èwo ló sọ láàárọ̀?”

“Bàbá, ẹ má fi tèmi sí i. Ká lẹ sọ, ká náà ni Màmá sọ.”

“Ẹ̀yin ará Ipele,” ọkọ mi wí fún mi, ó ti ń wá ọ̀pá rẹ̀. “Nígbà tí mo ń wọn ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín, bí ẹ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ mú mi nìyí.”

Tí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo ní lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò ní dáhùn. Ó jókòó sítòsí mi báyìí, etí rẹ̀ kò sì di.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ọkọ mi bá ti ní òun máa ṣe nǹkan, kì í yẹ̀ ẹ́. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde. Mo fẹ́ sáré lọ dì í mú, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di etí ìró ìdí mi mú dípò bẹ́ẹ̀. Ó dé ìdí okùn, ó fi ọ̀pá kọ́ ọ, ó di okùn mú. Okùn rọ̀, ẹ̀ka máńgòrò mì. Ó yọ pẹ́ẹ̀gì, ó ká tówẹ̀lì. Ó ká síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó sún síwájú. Ó ká bẹ́díṣíìtì kan, ó gbé e kọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló wá kan ìró mi.

Ìró àǹkárá aláwọ̀ ewé ni, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ẹ̀wù funfun tí ọkọ mi fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” mo wí. “Ẹ máa bọ̀.”

Ó wo ìró, ó wo ẹ̀wù. Ó nawọ́, ó yọ pẹ́ẹ̀gì kan, ó yọ ìkejì, ó ká ìró mi, ó gbé e lé èjìká, ó sì lọ síbi ẹ̀wù rẹ̀.

Gbogbo ọdún tí a ti fi wà pọ̀, kò fọwọ́ kan ìró mi lórí okùn rí. Mo ń wò ó tó ń bọ̀ nínú òjò, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé òsì. Aṣọ tí a ní kí òjò má pa, gbogbo rẹ̀ ló rin gbingbin. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń mí gúlegúle.

“Gba aṣọ rẹ. Ó ku kí o tún un fọ̀.”

Mo fẹ́ fi etí ìró náà nu omi lójú rẹ̀, ó yẹ orí sẹ́yìn. “Èjìká ni mo gbà. N ò gba orí.”

Láti ọjọ́ náà, okùn wa kò ṣófo. Tí aṣọ ìdọ̀tí bá tán, mo máa ń fọ kọ́tìnì tó mọ́. Tí a bá ti ká wọn tán lórí okùn, a ó ká bẹ́díṣíìtì. Ẹnì kan kò lè dá ká bẹ́díṣíìtì ńlá kó dára. Òun á di etí méjì mú, èmi á di méjì mú, a ó nà án, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, lẹ́yìn náà ẹnì kan á rìn lọ bá ẹnì kejì láti pa etí rẹ̀ pọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń rìn. Nígbà tó yá, mo ní orúnkún ń dùn mí, mo dúró sójú kan. Ó wò mí, ó mọ ohun tí mò ń ṣe, ó sì ń bọ̀. Ó máa ń fa aṣọ jù, bí ẹni ń fa okùn ìwọnlẹ̀. Mo ní aṣọ ni o, kì í ṣe ilẹ̀. Ó ní kí n di tèmi mú dáadáa.

Ọyẹ́ dé, aṣọ ń gbẹ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, àkọ́bí wa dé láti Àkúrẹ́. Ó ti kó gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ kúrò kí ẹrù wa lè gbà á. Inú àgbàlá ló ti bá wa, bẹ́díṣíìtì wà láàárín wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó rí i pé kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n gbà á.”

“Gba ti ìyá rẹ,” bàbá rẹ̀ wí. “Orúnkún ń dùn ún.”

Mo kó etí tèmi fún ọmọ mi. Wọ́n nà án, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Ọmọ fẹ́ rìn lọ bá a.

“Dúró síbẹ̀,” bàbá rẹ̀ wí. Ó rìn bọ̀, kò yára, ó kó etí aṣọ lé e lọ́wọ́. Ó sì yà, ó gba abẹ́ okùn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọ mi dúró pẹ̀lú bẹ́díṣíìtì láyà rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde, ọmọ mi ní, “Bàbá, ṣé ibì kan wà tí ẹ ń dì mú nínú ibẹ̀?”

“Ògiri ni. Ó máa ń yọ̀.”

Kó tó lọ lọ́jọ́ kejì, ó ti mú wẹ́dà kan wá, wọ́n fi irin sí ara ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó le dáadáa. Òfìfo ni ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ padà sí Àkúrẹ́, àfi iṣu tí mo dì fún ìyàwó rẹ̀.

Mo máa ń sá aṣọ ìnujú sórí irin náà. Ọkọ mi ní kí n kó o kúrò, pé òun ni wọ́n ṣe é fún. Mo ní kí òun náà bá mi ká a.