Ère Tí Màmá Mi Dì Mú

Ọdún tí eéyi pa àbúrò mi ni èmi àti màmá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà n'Íbàdàn. Akínyẹlé là ń gbé nígbà náà. Áńgílíkà ni wá, tíṣà sì ni bàbá mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àbúrò mi ò tíì pé mẹ́ta. Orí itan màmá ló kú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kíá làwọn àgbà ilé gbà á, wọ́n lọ sin ín. Wọ́n ní kí màmá má sunkún, pé ọmọ mìíràn ń bọ̀. Màmá ò sì sunkún.

Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi la lọ rà ní Ìbàdàn tí òjò fi lé wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mi ò rí ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Gíláàsì pupa àti búlúù ló wà lójú fèrèsé. Lára ògiri, wọ́n gbẹ́ ìrìn Jésù lọ sí Kálfárì sára igi, ẹni tó gbẹ́ ẹ sì kọ àbàjà sójú àwọn obìnrin tó ń sunkún tẹ̀lé e. Mo ń wò wọ́n lọ ní kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí màmá mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ òpó kan ni mo ti bá wọn, níwájú ère òkúta funfun. Màríà ló jókòó, òkú ọmọ rẹ̀ nà gbalaja lórí itan rẹ̀. Màmá di ẹsẹ̀ òkú náà mú.

Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ sún mọ́ wa. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fọwọ́ kan ère yẹn."

Màmá ò jù ú sílẹ̀. "Ta ló jẹ́ kó gbé e pẹ́ tó báyìí?"

Ọkùnrin náà wò mí, ó tún wo màmá. "Ìyá rẹ̀ ni, mà."

"Èmi náà ni ìyá tèmi. Kó tó tutù ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Igbe tí màmá fi bọnu gba gbogbo ilé náà kan. Ọkùnrin yẹn gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì ní kí wọ́n dákẹ́. Òjò dá, a ò tíì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tá a délé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n pa á mọ́ra.

"Ìwọ ìyàwó tíṣà, o lọ ń di ère mú?" ni bàbá mi wí.

Àmọ́ látọjọ́ yẹn, ẹkún ò dá lójú wọn mọ́, ì báà jẹ́ nídìí ààrò tàbí láàárín ìsìn. Ojú ń ti bàbá mi. Kí Kérésìmesì tó dé, bàbá kó ẹrù màmá lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí màmá ní Olódò, wọ́n ní kí màmá lọ sinmi díẹ̀. Màmá ò padà wá mọ́. Lọ́dún kejì, bàbá mi fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Nígbà ìsinmi nìkan ni mò ń rí màmá. Wọn ò bi mí rí pé kí ló dé tí mo fi sọ ọ́ fún bàbá.