Bàbá Kúnbi àti Kìnnìún Ìlú Róòmù

Bí ẹ bá dé Máfolúkù tí ẹ béèrè Ọláyanjú, wọn á ní, Ọláyanjú wo? Ẹ ní Bàbá Kúnbi tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ní éápọ́ọ̀tù nígbà kan, wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹni tó kọ ìwé kìnnìún, ọmọdé á fà yín lọ́wọ́ dé ojúlé rẹ̀. Tàbí kí wọ́n ní kí ẹ wá bi èmi Ìyá Fawziyyah, nítorí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń lọ ata, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mùsùlùmí ni mí, àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, kò sí orin wọn tí mi ò mọ̀ dé ìdí.

Ìkirè ni wọ́n bí i sí. Ó wá sí Èkó láti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ojú rẹ̀ ò gba iná, ló bá di ẹni tó ń ti ẹrù ní éápọ́ọ̀tù. Gbogbo ayé ló ti ẹrù wọn dé ẹnu ọ̀nà ìlú òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ kò wọ bàálù rí. Ìlú Róòmù ló wà lọ́kàn rẹ̀ ṣáá. Bó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ti ọ̀hún dé, bó ṣe ń ti ẹrù ẹni náà lọ ni yóò máa bi í bóyá ó rí ibi tí wọ́n ti ń ju àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ sí kìnnìún. Obìnrin kan ní ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà lòun mọ̀. Ọkùnrin kan tó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa ní oko tòmátì lòun ti ṣiṣẹ́, òun ò rí kìnnìún kankan àfi ọ̀gá òun.

Nígbà tí iṣẹ́ éápọ́ọ̀tù parí, ohun tó kù fún un ni iṣẹ́ ọ́ṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi èrò síjókòó. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn náà kò le. Àwọn Kristẹni kan ń kóra jọ nínú yàrá obìnrin kan tó ń jẹ́ Júlíà, ahunṣọ ni. Àwọn sójà ọba Róòmù wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n ní ta ni ń ṣe Kristẹni níbí? Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fábíù, tí àdúrà rẹ̀ máa ń pariwo ju ti gbogbo wọn lọ, ní, "Èmi ò mọ̀ wọ́n rí o, mo kàn ń kọjá lọ ni." Júlíà ní tirẹ̀ wo ojú sójà, ó ní, "Kristẹni ni mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí iṣẹ́ yín bá ti rí." Kìnnìún pa Júlíà, ó lọ sọ́run. Kìnnìún pa Fábíù náà lọ́nà ibi tó ti ń sá lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìyẹn lọ.

Ẹ máa gbọ́ o, Róòmù tó kọ yẹn, Máfolúkù ni. Àwọn ayálégbé ibẹ̀ ń jà lórí ẹni tó kàn láti fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, ó máa ń kà á fún àwọn oníbàárà mi. Bí bàálù bá ń kọjá lórí wa tí páànù ń gbọ̀n, á fi ìka sí ibi tó kà dé, á dúró kí bàálù kọjá, á tún máa bá Júlíà lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá nínú gbogbo rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pè síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, òun ló ń la ọ̀nà fún wọn. Wọn ò pe òun fúnra rẹ̀ síwájú rí. Ọjọ́ àjọ̀dún wá ń bọ̀, Kúnbi ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Èjìgbò pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ, Pásítọ̀ Ṣíjúadé sì ti ní ó lè ka ìtàn náà lọ́jọ́ yẹn, tí àwọn àgbà ìjọ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Wọ́n gbọ́ ọ. Bó ṣe kà á tán ni Díákónì Adéyanjú dìde, ó ní òun mọ̀ pé òun ni Bàbá Kúnbi ń pè ní Fábíù, nítorí wọ́n ní Fábíù ní ikùn. Diamond, ọ̀gá àwọn akọrin, ní irọ́ ni, òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Fábíù ọkùnrin ni o, Diamond obìnrin ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àdúrà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Fábíù tó dé, ohùn rẹ̀ á sì bo ti gbogbo èèyàn. Pásítọ̀ kò sọ pé òun ni. Ó kàn mú áńkáṣíìfù nù ojú, ó bi Bàbá Kúnbi pé kí ló dé tí Fábíù ń fi aṣọ nù ojú ní gbogbo ìgbà. Bàbá Kúnbi ní ooru ń mú ní Róòmù ni, sà.

Ni Pásítọ̀ bá dá ẹjọ́. Ó ní nínú àwọn Kristẹni ìgbà yẹn, ẹnì kankan ò sẹ́, olóòótọ́ ni gbogbo wọn pátá. Ó tún ní kí ló fà á tí Júlíà fi ń pe sójà kèfèrí ní ẹ̀gbọ́n. Bàbá Kúnbi ní sójà náà ju Júlíà lọ lọ́jọ́ orí, sà.

"Àgbà kèfèrí, àgbà kọ́. Ìwọ ni kó máa pè é, kó nàka sí i lójú. Ọláyanjú, o máa yọ Fábíù kúrò, o sì máa yọ gbogbo ẹ̀yin ẹ̀yin yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní kà á."

Ẹ kíyè sí i, Bàbá Kúnbi ti gbéyàwó nígbà tí Pásítọ̀ ṣì ń gbé sìléètì lọ sí ilé ìwé.

Ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Fawziyyah, tí ẹnì kankan ò bá sẹ́, kí ni Júlíà wá ṣe tí a fi ń ròyìn rẹ̀?"

Mo ní kó yọ ọ́ jàre. Mo ní tiwa náà kò yàtọ̀, àáfà wa ṣe wáàsí nípa òfófó lẹ́ẹ̀kan, ìdajì àwọn obìnrin àdúgbò ò kí i títí ààwẹ̀ fi dé. Kó yọ Fábíù kí ọmọ rẹ̀ rí i níwájú. Ó ní ó dáa, òun á yọ ọ́. Ó wí i bí ẹni tí wọ́n ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ dúńbú àgbò tó ti sọ lórúkọ.

Ọjọ́ Sátidé tí àjọ̀dún ku ọ̀la, wọ́n ń múra sílẹ̀. Wọ́n kọjú sípíkà sí títì. Àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa wo ọ̀rọ̀ ariwo ti wá kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé e wọlé. Pásítọ̀ ń wàásù nínú sípíkà yẹn gan-an pé bí àwọn sójà Róòmù bá wá lónìí, òun ni yóò kọ́kọ́ na ọrùn. Kò tíì délẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí ọkọ̀ ìjọba fi dúró. Ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sọ̀ kalẹ̀, àwọn mélòó kan tẹ̀ lé e. Ó ní ta ni olórí ibí, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ kó bọ́ sí apá kan, wọ́n máa bá àwọn dé ọ́fíìsì.

Mi ò rí i kí ìsìn tètè parí bẹ́ẹ̀ rí. Díákónì Adéyanjú gun àga, ó ní fáànù lòun wá tún ṣe. Fáànù náà ń yí lórí rẹ̀. Diamond bọ́ síta, ó ń béèrè bóyá ẹnì kan mọ yàrá tó ṣófo ládùúgbò. Aṣọ akọrin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Pásítọ̀ ní tirẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé, ó já sínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé abọ́ ata kan tó wà lórí tábìlì, ó dúró bí oníbàárà. Ọmọkùnrin náà yọjú. Ó kí mi, ó wo Pásítọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń darí ṣọ́ọ̀ṣì yìí?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n," ni Pásítọ̀ wí, ó tún ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí, sà. Ata ni mo wá lọ̀."

Ọmọ náà wo inú abọ́. Ata Ìyá Àìná ni, mo ti lọ̀ ọ́ láti àárọ̀, kó wá gbé e ló kù.

"Bàbá," ni ó wí, "ó ti kúnná o."

Èmi ò sọ pé òun ni, mi ò sì sọ pé òun kọ́. Oníbàárà ni oníbàárà.

Ọmọkùnrin náà padà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Kúnbi nìkan ló kù níbẹ̀, ó so ríbọ́ọ̀nù ọ́ṣà mọ́ àyà, mo ń wò ó láti ọ̀dọ̀ mi. Ọmọkùnrin náà bi í, ṣé ọmọ ìjọ ni wọ́n, tàbí wọ́n kàn ń kọjá lọ ni? Ọ̀nà ìsá rèé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ ìjọ ibí ni mí, ẹ̀gbọ́n. Ariwo yẹn, àwa la pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí iṣẹ́ yín bá ti rí."

Pásítọ̀ gbọ́ ọ. Abọ́ ata wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé òun àti sípíkà lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dá a padà, ó ní wọ́n fún òun ní àga, wọ́n kàn kìlọ̀ fún òun ni. Sípíkà ní tirẹ̀ kò padà. Wọ́n ní olórí ìjọ ni kó wá gbà á, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni olórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, mo ń gbálẹ̀ ìta ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Pásítọ̀ wá bá Bàbá Kúnbi lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Kúnbi ní òun ò tíì ráyè yọ Fábíù, kí wọ́n má bínú. Pásítọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Fábíù yẹn," ó ní, "ṣé dandan ni kí kìnnìún pa á? Ṣé kìnnìún náà ò lè ti yó lọ́jọ́ yẹn ni?"

Bàbá Kúnbi ní òun á wò ó, sà.

Nígbà tó yá, mo pa ẹ́ńjìnnì mi. Kò sí sípíkà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì pa rọ́rọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ẹnu lásán. Mo gbọ́ Pásítọ̀ tó ní, "Bàbá Kúnbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, "ẹ" ló fi pè é. Kò sẹ́ni tó máa la ọ̀nà fún un, Kúnbi ló dìde tó là á.

Ó kà á. Júlíà pe sójà ní ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó janpata. Ó kan Fábíù, ẹsẹ̀ gbogbo wọn dákẹ́ sábẹ́ àga. Fábíù sá wọ inú ìsọ̀ obìnrin kan, ó sá jáde, kìnnìún bá a lọ́nà. Kìnnìún ya ẹnu. Ó gbọ́ òórùn ata lára rẹ̀, ó sín, ó sì yí padà.

Mi ò mọ̀ bóyá ata wà ní Róòmù láyé ìgbà yẹn. Àmín tí Pásítọ̀ Ṣíjúadé ṣe, bí àwọn ìjọba tó ń wo ọ̀rọ̀ ariwo bá wà nítòsí ni, wọn ì bá tún padà wá.