Agogo Ìfọwọ́kàn Tí Alàájì Ṣe

Ọjọ́ Àlàádì, lẹ́yìn ìrun àìlà, ni àwọn tó ń fi wáyà àti bátìrì ṣeré máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Koumassi, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ń jẹun láti Àtíní dé Sátidé, ti Àlàádì yàtọ̀. Ẹnì kan wà tó ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tí à ń pè ní gbaka, ọmọ Ṣakí tí wọ́n bí síbí, tó fẹ́ kí iná inú ọkọ̀ rẹ̀ máa jó bí orin bá ń dún. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, ń ṣe ohun tí yóò máa bomi rin òdòdó rẹ̀ nígbà tí kò bá sí nílé. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́, ó kàn wù wọ́n ni. Bí ohun tí wọ́n ṣe bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé e wá, èmi á sì máa bi wọ́n léèrè títí àrùn rẹ̀ á fi hàn.

Mo ní òfin kan. N kì í fọwọ́ ara mi tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ṣe é ni yóò tú u, òun náà ni yóò yọ́ òjé lé e padà. Ìbéèrè ni tèmi. Ṣé iná dé ibí? Kí ni tẹ́sítà wí? Ṣé o ò yí bátìrì sódì? Mo gbóná lára, n kò ní purọ́. Ẹni tí kò bá rí èsì sọ, mo máa ń jágbe mọ́ ọn, àwọn tó kù á sì máa fi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìbéèrè mi pé. Ohun tó wà lórí tábìlì nìkan ni mo ń béèrè, n kì í béèrè ẹni tí yóò lò ó.

Alàájì kan wá dara pọ̀ mọ́ wa. Ọmọ Ìgbòho ni, ó ti ta aṣọ pẹ́ ní ọjà Treichville kó tó fi ọjà lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì fẹ̀yìn tì sí Gonzagueville. Ó ní òun fẹ́ ṣe agogo tí wọn yóò fi máa pe òun nílé, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tà, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Òun fẹ́ èyí tó jẹ́ pé bí ìka bá ti kàn án báyìí, á dún.

Mo yà á fún un sórí ìwé. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Bí ìka bá kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná kín-ún á gba ara ìka kọjá, tiransítọ̀ méjì á sì sọ iná kín-ún yẹn di èyí tó lágbára láti mú agogo dún. Òjé ń kán sí Alàájì láṣọ, síbẹ̀ ọjọ́ kan péré ló fi ṣe é parí. Nígbà tó kọ́kọ́ dún, ó ké "Àlìhámúdùlílàhì!" ó ní kí gbogbo wa wá fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa fọwọ́ kàn án, ó sì dá gbogbo wa lóhùn.

Èmi rò pé ẹnu ọ̀nà ló fẹ́ gbé e sí. N kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe é fún. Ẹ̀gbà ti mú obìnrin náà láti ọdún tó kọjá. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè dá dìde, ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń gbé díẹ̀, kò sì lágbára tó lè fi tẹ nǹkan. Bí Alàájì bá wà níwájú ilé, kò sí ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé ìyàwó òun ń wá òun ní yàrá. Gbogbo ohun tó sọ fún wa ni pé ara ìyá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Láàárín tiwa, àgbàlagbà kì í to àìsàn ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó kéré sí i kì í sì í tọ pinpin rẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà, a sì padà sídìí wáyà.

Ní Àlàádì kejì, ó gbé agogo náà padà dé.

"Ọmọ mi, ó máa ń dún, ó sì máa ń kọ̀."

Mo fọwọ́ kàn án, ó dún. Òun náà fọwọ́ kàn án, ó dún. Mo ní òjé tó yọ́ sí i ni kò mú dáadáa. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó tún un tò. Ní Àlàádì kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé dé. Mo ní bátìrì ti ń kú, ó ra tuntun. Nígbà tó tún wọlé ní Àlàádì kẹrin, awakọ̀ gbaka ti ń rẹ́rìn-ín kó tó jókòó.

"Le vieux, agogo yẹn ò bàjẹ́ o, c'est votre doigt, ìka yín ló gâté!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Alàájì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo tún fọwọ́ kan agogo náà, ó dún, inú sì bí mi.

"Alàájì, ohun yìí ò lárùn kankan! Ẹ gbé e lọ sílé, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn án dáadáa. Ça marche, ó ń ṣiṣẹ́, c'est fini."

"Kì í ṣe ọwọ́ tè..." Ó wo awakọ̀ náà, ó sì wo olùkọ́ náà. Ó di agogo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní òun ti gbọ́. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ nǹkan. N kò bi í.

Kò wá mọ́. Awakọ̀ náà ló wá sọ fún wa pé ìyá wọn ti kú, wọ́n sì ti sin ín. A lọ kí i nílé, ṣùgbọ́n èrò pọ̀, kò sí àyè ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ, ní àárọ̀, Alàájì nìkan wọlé tọ̀ mí wá. Ó gbé agogo náà sórí tábìlì mi, ó sì jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ bí àìsàn náà ṣe rí fún mi.

"Ọjọ́ tó ṣubú, ní àárọ̀, mo ń fún un ní ẹ̀kọ mu, ó ń yí orí kúrò. Inú bí mi. Mo ní ó ti sú mi, mo jáde lọ jókòó síwájú ilé. Deux heures, wákàtí méjì gbáko, n kò gbọ́ agogo. Mo ní ó ń bá mi bínú ni. Ìgbà tí mo wọlé, ó ti já bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, agogo wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn." Ó ti agogo náà sún mọ́ mi. "Mo fọwọ́ kan agogo yìí lọ́jọ́ náà, ó dún. Ìwọ náà sì ti sọ pé kò lárùn. Bá mi wò ó. Ṣé ó pè mí ni, àbí inú bí i débi pé kò pè mí?"

Mo fọwọ́ kàn án, ó dún ketekete. Alàájì sorí kọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè.

"Alàájì, ìgbà wo ló máa ń dún fún wọn?"

"Lẹ́yìn àlùwàlá. Èmi ni mo máa ń bá a ṣe é. Bí a bá kírun tán, á fọwọ́ kàn án, á dún, á máa rẹ́rìn-ín. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á kọ̀."

"Báwo ni ọwọ́ wọn ṣe rí?"

"Ó gbẹ bí ìwé àpò sìmẹ́ǹtì. Látìgbà tó ti ń ṣàìsàn, kì í làágùn lọ́wọ́ mọ́."

Ó wá yé mi. Agbára káká ni iná fi ń gba ara ìka gbígbẹ kọjá. Gbogbo ìka tó ti kan agogo yẹn ní ṣọ́ọ̀bù mi ló ń làágùn nínú ooru Koumassi. Mo dìde, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo nù ún gbẹ, mo fi pọ́dà ra ìka mi, mo sì fọwọ́ kan páànù náà. Kò dún. Mo tún kàn án. Kò dún. Alàájì gbé orí sókè. Ká fi tiransítọ̀ kan kún un, ká sì fa páànù méjèèjì súnmọ́ ara wọn, àtúnṣe rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tó iṣẹ́ ìdajì wákàtí.

"Wọ́n pè yín, Alàájì. Agogo ni kò gbọ́ wọn. Omi àlùwàlá àsùbáà ti gbẹ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Ẹ sọ fún mi pé ó ń kọ̀, èmi ni mo ní kò lárùn. Ẹ̀bi mi ni."

Mo ń retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Omi dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà là bí n kò ṣe rí i rí.

"Ó pè mí," ni ó wí. "Kò bá mi bínú. Ó pè mí."

Ó di ọwọ́ mi tó kún fún pọ́dà mú, ó dúpẹ́, dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni mi pè mí kí n má gbọ́. Mo ṣe àmín. Èmi tí mo dí i létí gan-an ló ń ṣàdúrà fún.