Ojú Ọlọ Mọ́kànlélógójì

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpáta lásán ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìtàn yìí mọ èyí ṣáájú ohun gbogbo, kí ó má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo wá tọ́ka sí.

Awọnlẹ̀ ni mí. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé mi láti Òṣogbo wá sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá, mo sì gba ilé sí Lugbe, níbi tí àwọn ará ìjọ wa pọ̀ sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ síbi tí wọ́n bá fẹ́ la títì tàbí kọ́ ilé sí, kí n wọn ibẹ̀, kí n ya gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ sórí ìwé: odò, igi ńlá, ilé, òkúta. Ohun tí mi ò bá yà, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò ní mọ̀ pé ó wà. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú, mo sì ń fi í yangàn.

Ní ọdún 2014, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n rán mi lọ sí àárín Lugbe àti Kuje, níbi tí títì kan máa gbà lọ sí ẹ̀sítéètì tuntun. Èmi àti òṣìṣẹ́ méjì, ọmọ Ìsẹ́yìn, la jọ lọ. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀, kò ga ju ilé lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Kòtò gbọọrọ-gbọọrọ kún orí rẹ̀, wọ́n dán bí inú ìpọnkò, omi òjò sì dúró sínú wọn. Mo rò pé òjò ló gbẹ́ wọn. Ó ti ń rẹ̀ wá, oòrùn sì mú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé àpáta lásán ni, kò sí nǹkan lórí rẹ̀, a sì bọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n fi fa ojú títì náà, ó sì gba àárín àpáta kọjá tààrà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a padà lọ láti sàmì sí ibi tí títì máa gbà. Mo ti ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ mi fi ń dúró bọ inú kòtò kan, kí ó má baà yẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo wà tí ìyá arúgbó kan fi gun òkè wá. Gbàgyí ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá. Èjìká ló fi ru igbá ọkà bàbà rẹ̀, kì í ṣe orí, bí àwọn obìnrin wọn ti máa ń ṣe. Obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi tẹ̀ lé e. Mo fi Hausa kí i, mo ní, "Sànnu, Màmá." Ó ní, "Yauwa," kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi títí, ó wá bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn.

Ọmọ rẹ̀ ni obìnrin náà, tíṣà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ibẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Àǹtí, ìyá mi ní kí n sọ fún yín pé inú ọlọ ìyá ìyá òun lẹ ti irin yìí bọ̀."

Mo yọ ọ́ kíá. Ìyá náà fi ọwọ́ gbọn omi inú kòtò náà dànù, ó fi aṣọ nù ún, ó da ọkà sí i, ó kúnlẹ̀, ó sì fi òkúta tó mú lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Ọlọ tí a lè gbé ni mo mọ̀ nílé wa. Èyí tí kò ṣeé gbé, tí ènìyàn ń lọ bá níbi tó wà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Tíṣà ṣàlàyé fún mi pé kò sẹ́ni tó gbẹ́ àwọn kòtò yẹn, lílọ̀ ló jẹ wọ́n jìn. Ìyá ń lọ̀ ọ́, ọmọ ń lọ̀ ọ́, ọmọ ọmọ ń lọ̀ ọ́, títí tí òkúta fi gba ìrísí ọwọ́ wọn. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní ìdílé tó ni ín. Àwọn kéékèèké tó wà létí, tọmọdé ni, wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ ìlọkà ti wà lábúlé o, àmọ́ ìyá yìí kì í gbé ọkà tó máa fi po kùnú, ẹ̀kọ mímu wọn, fún ìyá ọmọ tuntun lọ sẹ́nu ẹ̀rọ.

Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mi palẹ̀ mọ́. A ò sàmì kankan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá mi nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Bó bá ku àwa méjì, Yorùbá la máa ń sọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rò fún un. Ó gbọ́ mi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìwé ta ni wọ́n fi fa títì yẹn?"

"Tèmi ni, sà."

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

Mo sọ ohun tí mo kọ. Kò bá mi wí. Ó ní kí n kọ mẹ́mò pé àṣìṣe ni, kí a yí títì gba ìhà ìlà-oòrùn, òun á fọwọ́ sí i. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Mẹ́mò ń rìn bí ìgbín, kọngílá ò sì ní dúró dè é. Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, màá lọ wọn ohun tó wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo kọ mẹ́mò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo sì gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi lọ síbẹ̀, ní owó ọkọ̀ mi, láìwọ aṣọ iṣẹ́. Ìyá àti tíṣà ń dúró dè mí, ní Sátidé kejì àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀ lé wọn wá. Mo fi ẹ̀rọ mú ojú ọlọ kọ̀ọ̀kan, mo wọn gígùn àti ìbú rẹ̀. Jíjìn rẹ̀ ló ṣòro. Ìyá ló kọ́ mi bí mo ṣe lè ṣe é: ó ní kí a máa fi ife bu omi sí i, kí a kà á. Èyí tó jìn jù gba ife mẹ́tàdínlógún. Àwọn obìnrin ń bá ara wọn ṣe àwàdà lórí ìdílé tí tiwọn kò jìn, wọ́n ní ọ̀lẹ ni àwọn ìyá wọn. Tíṣà ń pe orúkọ ìdílé, mo ń kọ ọ́. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ni ín. Mo fẹ́ fò ó. Ìyá na ọwọ́ sí ìwé mi, ó sọ̀rọ̀ líle díẹ̀. Tíṣà ní ìyá òun ní kí n kọ ọ́ pé a kò mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí a kò mọ̀ náà lọ ọkà. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, èsì mẹ́mò dé. Wọ́n ní àwọn kan máa wá wo ibẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Inú mi dùn, mo pe tíṣà, mo ní kí wọ́n gbá orí àpáta náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kan náà ni fóònù mi dún ní ọ́fíìsì.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀. Wọ́n ti ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta."

Mo wọ ọkọ̀ dé Lugbe, mo gun ọ̀kadà lọ. Ọkùnrin kan tó di àsíá pupa mú dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ la wà nígbà tí ẹ̀tù kejì dún. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ẹyẹ fò, eruku funfun sì gòkè. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká kọjá, mo bá ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò yájú sí mi. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé mìíràn, ó ní. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà síwájú mi, ó fi ìka sí ibì kan, ó ní ẹni tó wọn ilẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Èmi ni," mo wí.

Ìyá kò sunkún. Ó ń rìn láàárín àwọn òkúta tó fọ́, ó ń yí wọn padà, bí ẹni tó ń wá nǹkan ilé lẹ́yìn tí iná jó. Ó rí ọ̀kan tí ìdajì ojú ọlọ ṣì wà lára rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin nínú àwọn òṣìṣẹ́ kọngílá ló bá a gbé e dé àgbàlá rẹ̀, wọn ò dúró gba ọpẹ́. Ó da ọkà sí i lójú wa, ó lọ̀ ọ́. Ọkà náà ń dà sílẹ̀ láti ibi tó ti là. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá dìde, ó bu omi sí i fún àwọn adìyẹ. Títí di ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, adìyẹ ló ń mu omi níbẹ̀. Àwọn òkúta yòókù, wọ́n lọ̀ wọ́n di gírànáìtì, wọ́n fi tẹ́ títì náà.

Mo ya àwòrán ojú ọlọ wọ̀nyẹn dáadáa sórí ìwé ńlá, mo ṣe mẹ́rin. Ọ̀kan wà nílé baálẹ̀, ọ̀kan wà ní kíláàsì tíṣà, ọ̀kan wà nínú fáìlì ọ́fíìsì, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi. Tíṣà ń fi tirẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìtàn ìdílé wọn. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n mi ò tan ara mi jẹ: èèyàn ò lè lọ ọkà lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fi ẹgbẹ̀rún ọdún lọ òkúta mìíràn fún wọn.

Ní ọdún 2017 wọ́n rán mi lọ sí òdìkejì Kuje, sí àpáta mìíràn, fún títì mìíràn. Mi ò gbé ẹ̀rọ jáde nínú ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ wọ abúlé, mo kí àwọn ìyá, mo ní kí wọ́n mú mi lọ wo ohun tí wọ́n ní lórí àpáta wọn. Ojú ọlọ mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ni mo fi sórí ìwé kí n tó wọn ohunkóhun mìíràn, mo kọ orúkọ ìdílé tì wọ́n. Ọ̀gá tuntun tó wà lórí wa ní ọ̀rọ̀ òkúta ni mò ń pè ní ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ọ̀rọ̀ èèyàn ni, n kò sì ní fọwọ́ sí i bí títì náà bá gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó gbà kí wọ́n yí i. Títì náà sì yí. Ó yí débi pé àwọn awakọ̀ máa ń bú ẹni tó yà á, wọ́n á ní ó ti mu ògógóró kó tó mú bírò. Mo ti wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti bú mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbádùn rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo wá ìyá àti tíṣà lọ, mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ wo ibẹ̀. Ìyá bọ́ bàtà kó tó gun àpáta náà. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú ojú ọlọ mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Tíṣà sọ fún mi pé, "Ó ní ọwọ́ àwọn ìyá ibí yìí dára. Ó ní ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ wọ́n."

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sá gbágùúdá. Ó kí ìyá ní èdè wọn, ìyá dáhùn, ó sì jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ wọn gùn, wọ́n ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí àpáta náà. Tíṣà ò túmọ̀ ọ̀kan fún mi, mi ò sì bi í. Mo padà sínú ọkọ̀ lọ dúró dè wọ́n.