Ọ̀pá Bàbá Àgbà Lórí Ẹní Oníke

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ọ̀pá nílẹ̀, bàbá àgbà mi ni mo máa ń rántí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì wọn, ọsibítù sì jìnnà sí Ìrókò, abúlé tí èmi àti wọn ń gbé. Bàbá mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, bá wọn wá géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tó ní ẹní oníke, kí wọ́n lè máa fi ṣe eré ìdárayá fún ẹsẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń tẹ ẹní náà lọ́tùn-ún lósì, ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n á máa sáré. Èmi ni mo ń kọ máàkì tí géèmù náà bá fún wọn ránṣẹ́ sí dókítà.

Bàbá mi kìlọ̀ pé, "Bàbá, bí máàkì bá já wálẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ ó wá máa gbé o."

Bàbá àgbà kò fẹ́ fi ilé tí wọ́n sin ìyàwó wọn sí sílẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á kí ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn pé, "Ẹ kú eré." Wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀tún, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ òsì.

Mo sọ fún wọn pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀rọ ò lójú, ìyá mi. Àbí o fẹ́ kí wọ́n kó mi kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó mi ni?"

Ojú tì mí láti bá àgbà jiyàn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà fèsì pé ẹsẹ̀ náà ń yá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò gbéra títí bàbá àgbà fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá mi tẹ́ ẹní náà láti nù ún. Apá òsì kún fún ihò róbótó-róbótó. Wọ́n ki ẹnu ọ̀pá bọ ọ̀kan. Ó ṣe wẹ́kú.

"O mọ̀?"

Mo dorí kodò. Wọn kò bú mi. Wọ́n ká ẹní náà, wọ́n sì lọ jókòó síbi ibojì bàbá wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá wọn.